Etí Títì Ń Rìn

“Ta ló fi ọ̀dà pupa sàmì síwájú ilé mi?”

Bàbá ló ń béèrè. Ó dúró lẹ́nu géètì, bàtà ẹsẹ̀ kan dúdú, ìkejì búráùn, ó ń fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ gún ojú títì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà lẹ́yìn rẹ̀, búrẹ́dì lẹ́nu, ó ń tú báàgì láti wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

“Èmi ni, Bàbá. Mo ti sọ fún yín lánàá. A fẹ́ gbẹ́ ihò síbẹ̀ láago mẹ́wàá, ká lè mọ bí ìpìlẹ̀ títì ṣe rí nísàlẹ̀.”

“Ẹ fẹ́ gbẹ́ ihò sórí gáàsì?”

“Gáàsì kò sí níbẹ̀. Ọ̀hún ló wà.” Ó nawọ́ sí àárín títì. “Mítà mẹ́rin sí etí títì. Ó wà nínú ìwé.”

Bàbá rẹ́rìn-ín. “Ta ló ń fi etí títì wọn nǹkan? Etí títì ń rìn. Bí wọ́n bá tún ọ̀nà ṣe lónìí, ó rìn wọlé; bí wọ́n bá tún un ṣe lọ́dún mẹ́wàá sí i, ó rìn jáde. Ògiri ọgbà làwa fi ń wọn tiwa. Ṣé o ti rí onílé tó jẹ́ kí ògiri rẹ̀ rìn wọlé rí?”

Búrẹ́dì náà dúró lẹ́nu obìnrin yìí, kò lè gbé e mì, kò lè tu ú dànù.

Ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, níbi tó ti ń ya àwòrán títì, Ìyá Rúlà ni wọ́n ń pè é. Kò sí ohun tí kì í wọ̀n. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń ní bí wọ́n bá bu oúnjẹ fún un, àwo ni yóò kọ́kọ́ wọ̀n. Oṣù mẹ́jọ gbáko ló fi ya àwòrán àtúnṣe òpópónà mẹ́sàn-án tó wà ní àdúgbò ẹ̀yìn ìlú yìí. Ìgbà tí eyín Bàbá ṣì pé ni wọ́n ti la àwọn òpópónà náà, ojú títì ti sán káàkiri bí gìgísẹ̀ tí kò rí òróró, gọ́tà ti wó, bí òjò bá sì rọ̀ fún wákàtí kan, a ó máa fi bàtà lọ́wọ́ rìn. Inú gbogbo èèyàn dùn pé wọ́n fẹ́ tún un ṣe. Inú tirẹ̀ dùn jù, nítorí òpópónà keje nínú wọn ni wọ́n ti bí i, ibẹ̀ náà ló sì padà sí láti máa tọ́jú bàbá rẹ̀.

Ìwé àtijọ́ tó fi ṣiṣẹ́, eku ti jẹ igun rẹ̀ kan. Ìlà kan wà níbẹ̀, ọfà kékeré kan jáde lára rẹ̀, wọ́n sì kọ “mítà mẹ́rin” sórí ọfà náà. Kò sí ẹni tó kọ ohun tí ìlà náà jẹ́ síbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló rò pé etí títì ni, torí kí ni ayàwòrán títì ìbá tún rò?

Ṣùgbọ́n ta ni ń sọ̀rọ̀ yìí? Bàbá tó ti jẹun láàárọ̀ yìí tó sì tún ń béèrè bóyá oúnjẹ ti délẹ̀. Kó tó di pé wọ́n jáde, ó ti pe ọmọ rẹ̀ ní Ẹ̀gbọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, ó rò pé ẹ̀gbọ́n òun obìnrin tó ti kú ni, ó sì ń bẹ̀ ẹ́ kó má fi ẹjọ́ òun sun ìyá àwọn. Èèyàn kò lè torí ọ̀rọ̀ irú bàbá bẹ́ẹ̀ dá iṣẹ́ ìjọba dúró. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ̀. Síbẹ̀ kò lè gbé ọ̀rọ̀ náà jù sẹ́yìn, nítorí bàbá kan náà yìí ló fi ohun tó lé lọ́gbọ̀n ọdún ri páìpù gáàsì mọ́lẹ̀ nílùú yìí.

“Bàbá, báwo ni mo ṣe máa mọ̀?”

“Lọ wo ìdérí irin páìpù náà ní ìkángun òpópónà.”

“Kò sí ìdérí kankan ní ìkángun. Mo ti yẹ gbogbo rẹ̀ wò.”

Bàbá mú ọ̀nà pọ̀n, ó ń fọwọ́ tọ ògiri ọgbà, ó ń ka ògiri ilé kọ̀ọ̀kan bó ti ń kọjá. Nígbà tó dé ògiri ilé tó kẹ́yìn, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó gbé ẹsẹ̀ márùn-ún gígùn, ó sì fi ọ̀pá gbá ilẹ̀. Ọ̀dà títì dúdú ló wà níbẹ̀, bíi ti ibòmíràn. Ó tún gbá a. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, ilẹ̀ dún gọ̀n-ìn.

Ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀. Ó fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ha ọ̀dà tó dì síbẹ̀. Ó ha á títí èékánná rẹ̀ fi ya. Irin jáde, yípo, tó fẹ̀ tó ìdérí ìkòkò kékeré. Ó fẹ́ yẹ̀pẹ̀ tó wà lójú rẹ̀ kúrò, lẹ́tà kan ṣoṣo yọ: G.

Ó yọ téèpù, ó nà á láti ojú irin náà dé ara ògiri. Mítà mẹ́rin géérégé. Ó tún wọ̀n ọ́n. Mítà mẹ́rin ni. Ó wá nà án láti ojú irin náà sí etí títì: mítà kan àtààbọ̀. Mítà kan àtààbọ̀ sí etí títì ni gbogbo àmì pupa rẹ̀ wà, ní òpópónà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Ó ti fara balẹ̀ to gbogbo ihò sórí páìpù gáàsì, kò sì yẹ̀ ní ibì kankan.

Ẹ̀rù bà á débi pé ó gbàgbé láti dìde. Bàbá tẹ̀ ba, ó fọwọ́ kan èjìká rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “ẹ má sunkún mọ́. Ṣé a ti jẹun?”

Ìró ẹ̀rọ katakata ló gbé e dìde. Ó ń bọ̀ láti orí òpópónà, ó fi wákàtí kan ṣáájú àkókò, torí pé awakọ̀ rẹ̀ kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Pẹ̀lẹ́ ni ìnagijẹ ọkùnrin náà, kò sì sí ẹni tó mọ ìdí rẹ̀, nítorí kò sí géètì àdúgbò yìí tí kò tíì ha lára. Ìyá Rúlà fa bàbá rẹ̀ wọ inú ọgbà, ó ti géètì, ó sáré lọ dúró síwájú katakata pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì lókè.

Pẹ̀lẹ́ yọrí. “Madam, kí ló dé? Ẹ̀ ń sáré bí ẹni tí oyin ń lé.”

“Pa á. Pa á ná.”

Ó pa ẹ̀rọ náà. Ìyá Rúlà sọ fún un: ìwé àtijọ́, ògiri ọgbà, irin tó wà ní ìkángun. Ó ń sọ̀rọ̀ kíákíá, ara rẹ̀ sì ti ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ti ń sọ ọ́. Wọn kò tíì gbẹ́ nǹkan kan. Ó máa tún gbogbo àwòrán náà yà. Wọ́n á fi í ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọdún kan, ìgbéga tó ń retí lè falẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kú.

Àfi ìgbà tó wo ojú Pẹ̀lẹ́. Ọkùnrin náà ti sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sórí ẹsẹ̀ katakata, ó ṣí fìlà rẹ̀.

“Madam, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.”

“Kí ni mo fẹ́ bínú sí?”

“Lánàá, ní òpópónà kẹrin. Mo ṣáájú àkókò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo gbẹ́ ihò kan kí n tó lọ sílé. Eyín katakata kọ́ nǹkan kan, mo fà á, ó yọ. Mo rò pé gbòǹgbò igi ni. Òórùn kan wá jáde, mo ní gọ́tà ni. Gọ́tà àdúgbò yìí, ta ni kò mọ òórùn rẹ̀? Mo da yẹ̀pẹ̀ padà, mo sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.”

“O sọ fún ẹnikẹ́ni?”

“Mo kọ ‘gbòǹgbò’ sínú ìwé iṣẹ́.”

Látàná. Wọ́n ti se oúnjẹ alẹ́ ní òpópónà kẹrin, wọ́n ti se ti àárọ̀. Ìyá Rúlà ń tẹ fóònù bó ti ń sáré, ó ṣi nọ́ńbà náà tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó rí ọ̀gá rẹ̀ pè.

“Ìpàdé ni mo wà,” ni ọ̀gá wí. “Ṣé kò lè dúró?”

“Kò lè dúró, sà. Páìpù gáàsì ń jò ní òpópónà kẹrin. Àwòrán mi ló fà á.”

Ìyá Rúlà gbọ́ bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí tó sì tì lọ́dọ̀ ọ̀gá, ohùn àwọn tó ń ṣèpàdé sì dẹ́kun.

“Mo ń pe àwọn oní-gáàsì báyìí. Wọ́n á lò tó ogójì ìṣẹ́jú kí wọ́n tó dé. Kó àwọn èèyàn jáde. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi dáadáa o. Má dárúkọ àṣìṣe rárá. Sọ pé àyẹ̀wò lásán ni, irú èyí tá a máa ń ṣe. Orúkọ rẹ ló wà nísàlẹ̀ àwòrán yẹn. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ẹnu ìwọ fúnra rẹ jáde, kò sí ẹni tó lè gbà ọ́ sílẹ̀ mọ́.”

“Mo gbọ́, sà.”

Ká má purọ́, ọ̀rọ̀ náà tù ú lára. Ó ní èèyàn tó ti ràn án lọ́wọ́ láti mọ ohun tó máa sọ, ó sì ń tún un sọ lẹ́nu bó ti ń lọ: àyẹ̀wò lásán ni, àyẹ̀wò lásán ni.

Òórùn náà pàdé òun àti Pẹ̀lẹ́ lórí òpópónà kẹrin, bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Yẹ̀pẹ̀ tútù tí Pẹ̀lẹ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀ lánàá kò ju ẹsẹ̀ mẹ́fà lọ sí ilé àkọ́kọ́. Aṣọ wà lórí okùn, kẹ̀kẹ́ ọmọdé kan sì dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Pẹ̀lẹ́ lọ dúró sí ojú ọ̀nà láti máa dá ọkọ̀ padà. Ìyá Rúlà pa fóònù rẹ̀, ó fẹ́ tẹ aago ẹnu ọ̀nà, ó rántí pé iná ló wà nínú aago, ó fa ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tí nǹkan jó. Ó fi ìkúùkù kan ilẹ̀kùn.

Ọkùnrin àgbà kan ṣí i, ọṣẹ funfun bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan, abẹ ìfárùngbọ̀n wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, sà. Ọ́fíìsì tó ń rí sí títì ni mo ti wá. Àyẹ̀wò kékeré kan la fẹ́ ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde fún ìgbà díẹ̀.”

“Àyẹ̀wò.” Ọkùnrin náà wò ó láti òkè dé ilẹ̀. “Lóṣù tó kọjá, ẹ ní àyẹ̀wò omi, ọjọ́ mẹ́ta la fi ń ru omi kiri. Ẹ padà wá lọ́sàn-án. Ìyàwó mi fẹ́ lọ aṣọ, ọmọ-ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn.”

Ó ti ń ti ilẹ̀kùn.

Ìyá Rúlà rí áyọ́ọ̀nù lórí pákó ìlọṣọ lẹ́yìn rẹ̀ nínú pálọ̀, àti obìnrin arúgbó tó ń tú okùn rẹ̀ sílẹ̀ láti kì í bọ ara ògiri. Láti ìgbà tó ti wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú irin yẹn, ẹ̀wọ̀n ló ti ń bà á lẹ́rù, àti ìtìjú, àti ohun tí wọ́n máa sọ ní ọ́fíìsì. Gbogbo rẹ̀ ṣì wà lọ́kàn rẹ̀, kò dín kù. Ó fi ẹsẹ̀ dá ilẹ̀kùn dúró.

“Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ má kì í bọ̀ ọ́,” ó ké sí obìnrin náà. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ọkùnrin náà. “Kì í ṣe àyẹ̀wò, sà. Gáàsì ń jò lábẹ́ títì yín látàná. Èmi ni mo ya àwòrán iṣẹ́ náà, mo sì ṣì í wọ̀n. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni. Ẹ má tan iná, ẹ má pa iná, ẹ gbé ọmọ yẹn, kẹ́ ẹ jáde báyìí.”

Ọkùnrin náà gbé imú sókè, ó fa òórùn náà símú, Ìyá Rúlà sì rí bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà.

“Ìyá wọn,” ó ké sínú ilé, “fi áyọ́ọ̀nù yẹn sílẹ̀ bó ti wà. Gbé ọmọ wá, ká lọ.”

Wọ́n jáde láìwọ bàtà, ọmọ náà ń sunkún oorun léjìká ìyá àgbà. Nígbà tí wọ́n dé géètì, ọkùnrin náà yí padà, ọṣẹ ṣì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

“Kí lorúkọ yín?”

Ó sọ ọ́ fún un, orúkọ tirẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀, ketekete, bó ṣe wà nísàlẹ̀ àwòrán náà. Ọkùnrin náà mi orí, ó sì fa ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́.

Ìyá Rúlà rékọjá sí ilé kejì, ó sì gbé ìkúùkù sókè. Ilé mọ́kànlélógún ló kù.