Kọ́kọ́rọ́ Tó Padà Láti Inú Kànga

Bọ́tìnnì ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú ọkọ mi lápá ọ̀tún, nọ́ọ̀sì tó ń wá wò ó nílé ní kí n gbé abọ́ méjì síwájú rẹ̀, kó máa fi ọwọ́ náà ṣa bọ́tìnnì láti inú ọ̀kan sí èkejì, kó tún máa ṣà á padà. Aránṣọ ni mí, bọ́tìnnì kún ilé. Kò pẹ́ tí ọkọ mi fi ti abọ́ sẹ́yìn. Ó ní tí òun bá kó o lọ, tí òun tún kó o bọ̀, kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Nọ́ọ̀sì sì ti sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé tí kò bá lo ọwọ́ yẹn báyìí, ó máa gan, kò sì ní padà mọ́. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Mo bẹ̀ ẹ́ títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Nígbà tó sú mi, mo mú ìwé kan lórí pẹpẹ, mo ń kà á fún un kí ilé má baà dákẹ́ jù. Ilé ìtẹ̀wé tí ọkọ mi ti fẹ̀yìntì ni ìwé náà ti wá. Òun ló máa ń fi òwú rán ìwé pọ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìtàn ọkùnrin kan ni, tó ń ṣọ́ géètì ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti tì pa tipẹ́. Láràárọ̀, á mú kọ́kọ́rọ́, á ṣí géètì; nírọ̀lẹ́, á tì í. Ẹnikẹ́ni kì í wọlé. Ó ń bi ara rẹ̀ pé kí lòun ń ṣe láyé gan-an. Ọkọ mi ní òun gan-an nìyẹn. Lójú tèmi, ká ní onígéètì yẹn ni mo fẹ́ lọ́kọ, ǹ bá ti gbé kọ́kọ́rọ́ pamọ́ fún un, kó lè rí nǹkan gidi ṣe.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ka ibi tí sùúrù onígéètì ti tán, tó ju kọ́kọ́rọ́ sínú kànga. Inú mi dùn. Mo ṣí ojú ewé: ó tún jí láàárọ̀, ó tún mú kọ́kọ́rọ́ lórí ìṣó. Mo rò pé ó ti lọ gé òmíràn ni, mo bá ń kà á lọ tàyàtàyà. Àfi bí ọkọ mi ṣe bú sẹ́rìn-ín. Mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ìgbà tí àìsàn ti dé.

“Ìyá Ìbejì, o ti ka ibẹ̀ lánàá.”

Ó ṣàlàyé fún mi pé bébà ńláńlá ni wọ́n máa ń ká di ojú ewé, tí wọ́n á tò ní òkìtì òkìtì, òkìtì kan fún apá ìwé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń rán ìwé á mú ẹyọ kan nínú òkìtì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó rán eléyìí mú méjì nínú òkìtì kan, ó fo òkìtì tó tẹ̀lé e, ìdí nìyẹn tí ohun tí mo kà lánàá fi tún padà wá. Ó ní kí n ṣí ẹ̀yìn ìwé tó ti ń ya. Ó wo bí wọ́n ṣe ta kókó òwú náà, ẹ̀rín tún gbé e. Kókó tirẹ̀ ni. Mo gbádùn ọ̀rọ̀ náà ju bó ṣe yẹ lọ, torí láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ ló ti ń sọ pé òun kì í ṣàṣìṣe.

Ó ní kí n fún òun ní abẹ. Ọwọ́ òsì ló fi di ìwé mú, ọ̀tún ló fi ń tú òwú. Òwú ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún ń mú un. Mo jókòó lórí ọwọ́ ara mi kí n má baà ràn án lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí n fi òwú bọ abẹ́rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un rán. Ó rí wúruwùru. Mo bi í bóyá ó ti yọ apá ìwé tó pọ̀jù yẹn kúrò. Ó ní rárá.

“Ó ju kọ́kọ́rọ́ sí kànga, àṣìṣe mi ló dá a padà fún un. Ṣé kí n tún wá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ ni?”

Bó ṣe rán an kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tú u, ó tún un rán. Bó ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn. Kò béèrè ìtumọ̀ mọ́, èmi náà ò sì jẹ́ rán an létí. Nígbà tí nọ́ọ̀sì dé, eruku ti bo bọ́tìnnì. Ó fajú ro díẹ̀, ó ní kí ọkọ mi fi ọwọ́ ọ̀tún di ìka òun mú, kó fún un pinpin. Ọkọ mi fún un títí nọ́ọ̀sì fi ní ó ti tó, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Mo sá wọ kíṣìnì, mo sunkún, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo tún dúpẹ́ fún àìfarabalẹ̀ ọkọ mi, èyí tí mi ò rò pé mo lè dúpẹ́ fún láé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó rán ìwé náà tán, ó gún régé. Ó gbé e sórí tábìlì, ó ń wò ó, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan láìṣe nǹkan kan. Mo mọ ojú yẹn: òun ló fi wo abọ́ bọ́tìnnì kó tó tì í sẹ́yìn. Mo dìde nídìí máṣíìnì mi, mo mú abẹ, mo gé òwú náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo gbé ìwé padà síwájú rẹ̀.

Ó wò mí. “O ṣeun, Ìyá Ìbejì,” ló wí, ó sì na ọwọ́ ọ̀tún gba abẹ́rẹ́.