Bàtà Lẹbẹ Tó Yẹ Abẹ́ Afárá

Ẹ̀rín ni wọ́n fi pàdé Ìyàwó nígbà tó yọ orí jáde nínú omi.

"Ìyàwó wa, ṣé o rí i?" Bọ̀dá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ló bèèrè láti orí afárá èbúté.

"Bọ̀dá, mi ò rí ọwọ́ ara mi, ká má tíì sọ ti ẹ́ńjìnnì."

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi kékeré kan ló rì sábẹ́ afárá náà, iṣẹ́ ìdílé ọkọ rẹ̀ sì ni láti máa yọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló dá iṣẹ́ náà sílẹ̀, òun náà ló ń sọ ẹni tí yóò wọ omi. Láti ìgbà tí Ìyàwó ti wọlé wọn, orí ilẹ̀ ló ti ń di okùn mú. Òní ni wọ́n kọ́kọ́ gbà kó sọ̀kalẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù," ni Ìyá wí. "Tó o bá tún gòkè lọ́wọ́ òfo, okùn rẹ ń dúró dè ọ́ lórí ilẹ̀. Iṣẹ́ okùn náà kì í ṣe iṣẹ́ àbùkù."

Kò lè jẹ́ iṣẹ́ àbùkù lóòótọ́, ṣùgbọ́n Ìyàwó ò fẹ́ ẹ mọ́. Ó jókòó, ó bọ́ bàtà lẹbẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, rọ́bà pẹlẹbẹ bíi lẹbẹ ẹja tí òmùwẹ̀ fi ń wa omi. Bọ̀dá ló yàn án fún un: lẹbẹ gígùn tó rọ̀, tí ènìyàn bá ta ẹsẹ̀ díẹ̀ á ti dé ọ̀nà jíjìn. Ó sì gbé e kọjá ìṣàn omi bí ẹni ń fò. Àmọ́ nígbà tó dé abẹ́ afárá, bó ṣe ń ta ẹsẹ̀ sókè sódò ló ń fẹ́ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ bí ẹni ń fẹ́ eérú. Kí ó tó ṣẹ́jú, omi ibẹ̀ ti ṣú.

Ó lọ sídìí bọ́ọ̀sì wọn, níbi tí wọ́n kọ́ bàtà lẹbẹ sí. Ó mú èyí tó là sí méjì bí ìrù ẹja, ó tẹ̀ ẹ́, ó ká bí ewé. Orúnkún máa gbádùn ìyẹn, àmọ́ kò ní lè yí i bó ṣe fẹ́ láàárín àwọn òpó. Ó mú èyí tó dúdú, tó kúrú, tó nípọn, tó ní ihò tí omi ń gbà kọjá. Ó tẹ̀ ẹ́, kò gbà. Inú rẹ̀ dùn. Èyí ni ènìyàn lè fi ṣí ẹsẹ̀ kó sì pa á dé bíi ti ọ̀pọ̀lọ́, tí omi á fi gba ẹ̀yìn lọ dípò ìsàlẹ̀.

"Ìdérí ìkòkò lo fẹ́ wọ̀ yẹn?" Bọ̀dá rẹ́rìn-ín. "Itan rẹ á ti kú kó o tó kọjá ìṣàn yẹn."

Òótọ́ ló sọ. Ìyàwó wo omi. Ó wo ewéko tó lẹ̀ mọ́ òpó afárá. Ní ìṣáájú, ìṣàn ti tẹ̀ wọ́n dùbúlẹ̀ pátápátá. Ní báyìí, wọ́n ti ń gbórí díẹ̀díẹ̀.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀."

"Ká dúró de kí ni?"

"De omi. Ó ti ń rẹ̀ ẹ́. Tí ìṣàn yìí bá dúró kó tó yí padà sí apá kejì, ìdérí ìkòkò yìí á tó mi."

"Ká wá jókòó máa wo omi bí ẹni ń wo ọbẹ̀ lórí iná?" ni Bọ̀dá wí.

"Ọbẹ̀ tó bá jinná la máa ń jẹ, Bọ̀dá."

Ìyá mú korobá kan. Ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó jókòó lé e. Wọ́n ń wo òpó. Ewéko náà gbórí, ó gbé ọrùn, títí ó fi nàró ṣánṣán.

"Ó ti dúró!" ni ọkọ rẹ̀ kígbe nídìí okùn. Kó tó pa ẹnu dé, Ìyàwó ti wà nínú omi.

Ìsàlẹ̀ pa rọ́rọ́. Ó ṣí ẹsẹ̀, ó pa á dé. Ẹrẹ̀ ò mira. Ó tún ṣe é, ó sì rí ẹ́ńjìnnì náà lójú ara rẹ̀, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí ẹran tó sùn. Ayọ̀ mú kó sáré jù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ lù ú! Ó yí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ síta, ó fi lẹbẹ kúkurú náà wa omi síwájú, ó sì fà sẹ́yìn wẹ́rẹ́ bíi mọ́tò tó ń ṣe rìfáàsì. Ó pariwo sínú ẹ̀rọ ìmí rẹ̀. Ìfófó omi nìkan ló gbọ́ ọ. Ó fi ìkọ́ sí irin ìdìmú ẹ́ńjìnnì, ó fa okùn.

Nígbà tó yọjú, omi ti ń tì í láti apá kejì, ọkọ rẹ̀ àti Bọ̀dá sì dì mọ́ okùn, òógùn bò wọ́n. Ẹ́ńjìnnì jáde, ẹrẹ̀ ń kán lára rẹ̀. Bọ̀dá ló kọ́kọ́ hó yèè.

"Lọ́la, ìdí àpáta la ń lọ, níbi tí ìgbì ti ń lu òkúta," ni Ìyá wí. "Èwo la máa wọ̀?"

Bọ̀dá ti la ẹnu.

"Kì í ṣe ìwọ. Ìyàwó ni mò ń bi."

Ìyàwó ò tilẹ̀ rántí bọ́ bàtà. Ẹni tó bá wọ lẹbẹ kì í rìn síwájú lórí ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe kẹ̀yìn sí bọ́ọ̀sì, tó ń sáré bọ́ sẹ́yìn pálá-pàlà lọ síbi tí àwọn bàtà lẹbẹ yòókù wà, ẹnu rẹ̀ ò sì dákẹ́: "Ẹ mú èyí tí kò bo gìgísẹ̀, ká lè wọ bàtà rọ́bà sínú rẹ̀, torí òkúta yẹn á gé wa o, Màámi, ṣé ẹ ń tẹ̀ lé mi bọ̀?"