Akọ Ẹ̀gà Ẹ̀yìnkùlé

Lọ́dún 1985 tí Àbẹ̀ḿbí di tíṣà ní ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Bódìjà, àwòrán ẹyẹ òyìnbó aláyà pupa kan ló bá lára ògiri kíláàsì, ẹyẹ tí ẹnikẹ́ni ò rí rí n'Íbàdàn. Ó yọ àwòrán náà kúrò. Ọ̀pẹ kan wà lẹ́yìnkùlé tí àwọn ẹ̀gà ti sọ dọjà. Ariwo wọn kì í jẹ́ kọ́mọ gbọ́ A-B-D. Àbẹ̀ḿbí ní kàkà kí òun máa bá ẹyẹ pariwo, òun á kúkú kó àwọn ọmọ tọ̀ wọ́n lọ.

Ó tẹ́ ẹní sábẹ́ ọ̀pẹ. "Ẹ wo èyí tó pọ́n bí ìbẹ́pẹ yẹn," ló wí. "Ọkọ nìyẹn. Òun ló ń hun ilé. Tó bá hun ún tán, á rọ̀ dirodiro lẹ́nu ọ̀nà, á máa gbọn ìyẹ́, á ní, 'Ìyàwó, máa bọ̀, ilé ti dé!' Ìyàwó á wọlé, á fẹnu fa koríko wò. Tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, fìrì, ó ti lọ. Ọkọ á tú ilé palẹ̀, á tún òmíràn hun."

"Tí kò bá hun òmíràn ńkọ́?" Kùdírátù, ọmọ ọdún márùn-ún, ló béèrè.

"Á dá gbé nìyẹn."

Kùdírátù gbé ọ̀rọ̀ náà délé. Hàrúnà, bàbá rẹ̀, ará Ṣakí, akọ̀wé ìjọba, ti ń kọ́lé lọ́nà Challenge kí wọ́n tó bí ọmọ náà. Ìpìlẹ̀ ti wà nílẹ̀. Koríko ti ga ju ìpìlẹ̀ lọ. Nídìí oúnjẹ alẹ́, lójú àlejò, Kùdírátù ní, "Bàbá mi, ẹ̀gà ti kọ́lé tán o. Tíṣà wa ní ẹni tí kò bá kọ́ ọ, á dá gbé."

Zùwáírátù, ìyá rẹ̀, rẹ́rìn-ín títí omi fi gba imú rẹ̀ jáde. Nígbà tílẹ̀ mọ́, àwọn ayálégbé ẹgbẹ́ wọn ti gbọ́, wọ́n ti ń kí ọkọ rẹ̀: "Bàbá Ẹ̀gà, ẹ káàárọ̀ o."

Ojú ẹsẹ̀ ni Hàrúnà gbé agbádá wọ̀, ó forí lé ilé-ìwé.

"Ta ni Tíṣà Ẹ̀gà níbí?"

Ìyáàfin Ọ̀ṣuntókun, ọ̀gá ilé-ìwé, kàn nawọ́ sí ẹ̀yìnkùlé ni, ó sì tilẹ̀kùn mọ́ra.

Lábẹ́ ọ̀pẹ, Àbẹ̀ḿbí dìde láàárín àwọn ọmọ. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, sà."

"Ṣé ohun tí mo ní kí ẹ kọ́ ọmọ mi nìyẹn, pé kó máa bú mi lójú àlejò?"

"Ṣííí!" Gbogbo ọmọ ló dà á bò ó. Kùdírátù fìka lé ètè. "Bàbá mi, ẹ lóṣòó. Ìyàwó ń bọ̀."

Hàrúnà ò mọ ìgbà tó lóṣòó, tòun tagbádá. Abo ẹ̀gà kan bà, ó ki orí bọ ìtẹ́, ó fa koríko kan, ó fò lọ.

"Kí ló dé?" Hàrúnà fò dìde. "Kí ló ṣe ilé yẹn? Ilé tó dáa báyìí!"

Ẹyẹ tú ká, pàà! Àwọn ọmọ dojú ìjà kọ ọ́: "Ẹ ti lé wọn lọ!" Àbẹ̀ḿbí yíjú sógiri kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín rẹ̀.

Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, akọ padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìtẹ́ rẹ̀.

"Òun fúnra rẹ̀?" Hàrúnà ti ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Kò bínú?"

"Bóyá ó bínú, sà. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ó ti ń já màrìwò mìíràn."

Lọ́jọ́ kejì, Hàrúnà tún dé, ó ní òun gbàgbé láti fún ọmọ ní bísíkíìtì. Lọ́jọ́ kẹta, ó gbé agbòjò wá fún ọmọ nínú oòrùn. Lọ́jọ́ tí abo kan wọlé tó sì jókòó, Hàrúnà pàtẹ́wọ́, ó pẹ́ dé ibi iṣẹ́.

Àbẹ̀ḿbí rí i pé kò fẹ́ kúrò lórí ẹní mọ́, ló bá bi í léèrè ẹyẹ oko Ṣakí. Hàrúnà gbẹ́nu lé ìtàn àparò, bó ṣe ń sáré nínú ọkà bàbà, bó ṣe ń fara pamọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ẹni láìmira. Nígbà tó dùn dénú, ó ní àparò kan gbé fìlà bàbá òun sá lọ. Àbẹ̀ḿbí mọ̀ pé irọ́ ni, àmọ́ ẹnu àwọn ọmọ ti là sílẹ̀, ó jẹ́ kó máa lọ.

Nígbà ọyẹ́, ilé Challenge rórùlé, yàrá méjì péré, wọ́n sì kó wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Bódìjà, kò tún sí ọmọ kíláàsì náà tó lè dé fìlà kọjá nídìí igbó mọ́, kí àparò má baà gbé e sá lọ.