Iná Ọ̀sán Lára Píkọ́ọ̀pù Oyèbísí

Láti ọjọ́ tí típà ti gbá píkọ́ọ̀pù wọn sínú kòtò lójú ọ̀nà Ńyányà, Ẹfúnróyè kò jókòó ti Oyèbísí, ọkọ rẹ̀, nínú ọkọ̀ mọ́. Kò bá a jà, kò sì dì í sínú. Láràárọ̀ ni yóò fi apá ọ̀tún tó dá ṣáṣá bá a kó búrẹ́dì sẹ́yìn ọkọ̀, apá òsì tó kán á sì wà nínú aṣọ tí dókítà fi gbé e kọ́ ọ lọ́rùn. Tí wọ́n bá kó o tán, á ní, "Olúwa á ṣọ́ yín lọ, á ṣọ́ yín bọ̀, Bàbá Ìbídùn." Á sì yípadà wọlé.

Ọdún mọ́kànlá ni àga iwájú yẹn ti jẹ́ tirẹ̀. Òun ló ń yan búrẹ́dì, ọkọ ló ń wa ọkọ̀, àwọn méjèèjì ló sì jọ ń gbé e kiri àgọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kọ́ ìlú Àbújá tuntun, láti Gárkì dé Jábì, láti Jábì dé Jahí. Bí ọkọ̀ bá ti ń lọ ni wọ́n á máa kọ orin ìyìn, ohùn ìyàwó lókè, ohùn ọkọ nísàlẹ̀. Nísinsìnyí, fìlà Oyèbísí nìkan ló ń jókòó sórí àga náà. Ó gbìyànjú láti dá orin kọ, ṣùgbọ́n orin ohùn kan ṣoṣo ò dùn ún kọ.

Ó tún ní ohun kan tí kò kúrò létí rẹ̀. Lọ́jọ́ ìjàǹbá náà, eruku pupa bo ojú ọ̀nà bí ìkùukùu, ọyẹ́ sì tún kún un. Nígbà tí wọ́n fa Ẹfúnróyè jáde, awakọ̀ típà náà wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé. "Bàbá, mi ò rí yín. Ẹlẹ́dàá mi gbọ́, mi ò rí yín rárá."

Oyèbísí gbà á gbọ́. Píkọ́ọ̀pù náà ti fìgbà kan funfun, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ti sọ ọ́ di aláwọ̀ ilẹ̀. Nínú eruku, ọkọ̀ àti ilẹ̀ kò yàtọ̀ síra.

Lálẹ́ ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ dé láti ọsibítù, ó ti ṣèlérí fún un pé òun á máa rọra wakọ̀.

"Ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bẹ̀rù," ni Ẹfúnróyè dá a lóhùn. "Ẹni tó ń bọ̀ níwájú tí kò rí wa ni mò ń bẹ̀rù. Lọ́jọ́ tí mo bá dúró ní kọ́nà tó ṣáájú kòtò yẹn, tí eruku bolẹ̀, tí mo sì rí yín kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ mi, lọ́jọ́ náà ni màá wọkọ̀ jókòó tì yín."

Oyèbísí gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sínú àdúrà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní àgọ́ Jábì, ó rí nǹkan. Òyìnbó ará Síwídìn kan tó ń wọn ilẹ̀ wọ mọ́tò rẹ̀, ó ṣáná sí i, iná méjì kéékèèké sì tàn lábẹ́ bọ́ńpà, nínú oòrùn ganrínganrín. Nígbà tó pa ẹ́ńjìnnì, iná náà kú. Oyèbísí gbé búrẹ́dì rẹ̀ sílẹ̀, ó sún mọ́ ọn.

"Ọ̀gá, ẹ gbàgbé iná yín ni?"

Òyìnbó náà rẹ́rìn-ín. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é wá láti ilé iṣẹ́. Ó ní lórílẹ̀-èdè òun, òfin ni pé kí gbogbo ọkọ̀ máa tanná lójú mọmọ. Kì í ṣe kí awakọ̀ lè ríran, kí àwọn ẹlòmíràn lè rí i ni.

Kí wọ́n lè rí i! Oyèbísí wọ ọkọ̀ rẹ̀ láì gba owó búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tà, ó di ọ̀dọ̀ Jàbárù.

Jàbárù, ọmọ Ìlọrin, ni rìwáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe lábẹ́ igi máńgòrò kan lọ́nà Àpò. Mùsùlùmí ni, Oyèbísí sì jẹ́ díákónì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ ìsìn bá ara wọn ṣẹ̀fẹ̀.

"Díákónì, oòrùn tí Ọlọ́run dá ò tó yín ni?" Jàbárù béèrè nígbà tó gbọ́ ohun tó bá wá.

"Ó tó mi. Awakọ̀ típà ni kò tó. Ṣé wàá ṣe é àbí o ò ní ṣe é?"

"Mo lè ṣe é. Ṣùgbọ́n òkú nìkan làwọn èèyàn ń tanná gbé lọ́sàn-án ní tiwa. Ẹ má sọ pé mi ò sọ fún yín."

Ó fa wáyà láti ibi kọ́kọ́rọ́ lọ sí iná ńlá iwájú. Bí wọ́n bá ti yí kọ́kọ́rọ́, iná á tàn. Inú Oyèbísí dùn. Ó sọ fún Ẹfúnróyè pé lọ́jọ́ Sátidé, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, kí ó dúró ní kọ́nà.

Láàárọ̀ Sátidé yẹn, ó kọ́kọ́ gbé búrẹ́dì lọ sí àgọ́ Jahí. Ó bá típà mẹ́fà tí wọ́n tò sẹ́nu géètì. Mẹ́gáàdì tuntun kan, Ṣéhù lórúkọ rẹ̀, rí iná rẹ̀ lókèèrè. Ó ṣí fìlà, ó ju ọwọ́ sí àwọn típà pé kí wọ́n yà, ó sì ṣí géètì gbayawu. "Sànnu, Bàbá. Sànnu. Ọlọ́run á tù yín nínú." Ó gbọ́ Yorùbá, nítorí ó ti ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin rí.

Ì bá wọlé lọ wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ọkàn Oyèbísí kò jẹ́ kó fi òkú tí kò sí gba ọ̀nà. Ó dúró.

"O ṣeun, ọmọ mi. Búrẹ́dì ni mo kó."

"Kai! Búrẹ́dì? Ta wá ló kú?"

"Ẹnì kankan ò kú."

Ṣéhù wo iná, ó wo búrẹ́dì, ó wo ojú bàbá náà. Ó ní kí ó já gbogbo búrẹ́dì sílẹ̀ kí òun wo ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn awakọ̀ típà ń pariwo, "Bàbá Búrẹ́dì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé òkú yín kọjá!" Bí wọ́n ṣe ń já a ni Oyèbísí pa ẹ́ńjìnnì, ó sì yí kọ́kọ́rọ́ padà díẹ̀ kí rédíò lè máa sọ̀rọ̀ sí i létí. Oòrùn mú débi pé kò rántí pé iná iwájú ṣì ń tàn. Nígbà tí wọ́n fi máa tò ó padà, bátìrì ti gbẹ. Ó yí kọ́kọ́rọ́ títí, kò gbọ́ ju kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́ lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ tì í dé ọ̀nà, ẹ́ńjìnnì kò dá wọn lóhùn. Àwọn kan nínú wọn kọ̀ láti ra búrẹ́dì pàápàá. Wọ́n ní àwọn ò jẹ ohun tó bá òkú wá.

Ìgbà tó fi rí ẹni yá a ní bátìrì, ọ̀sán ti pọ́n kó tó délé. Ẹfúnróyè jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọn gèlè rẹ̀. Eruku pupa ń dà jáde nínú rẹ̀. Ó ti dúró ní kọ́nà fún wákàtí méjì.

"Ẹ jẹun," ló kàn sọ.

Èyí dùn ún ju kí ó pariwo mọ́ ọn lọ.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tó fi dúró níwájú Jàbárù.

"Tú wáyà yẹn. Má ṣe é bí a ṣe rò ó. Ṣe é bí ilé iṣẹ́ ṣe ń ṣe é."

"Díákónì, ẹ fi í sílẹ̀. Àwọn oníbàárà yín ti ń sá."

"Mo fara mọ́ ọn kí n gbé búrẹ́dì padà wálé ju kí n gbé ìyàwó mi padà sí ọsibítù lọ. Dìde, jẹ́ ká lọ."

Ó mú Jàbárù dé Jábì, ó bẹ òyìnbó náà kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún wọn. Jàbárù, tó ti ń fi gbogbo ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀fẹ̀, tẹ̀ sórí ẹ́ńjìnnì. Ó fi ìka tọ wáyà kan títí dé òpin, ó pòṣé ìyàlẹ́nu. "Ẹ wo ọgbọ́n! Kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ ló ń pàṣẹ fún un."

Ibi tí ìṣòro wọn wà gan-an nìyẹn. Rílè kékeré kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ ló ń tan iná náà, ẹ̀rọ tó ń ṣáájì bátìrì ló sì ń pàṣẹ fún rílè. Àyàfi tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, tí bátìrì sì ń gba agbára, iná ò ní tàn. Bí awakọ̀ bá sì tan iná ńlá, àwọn kéékèèké á kú fúnra wọn. Wọn kì í sì í ṣe iná ńlá olókùú. Wọ́n wà lọ́tọ̀, nísàlẹ̀.

Ọjọ́ méjì ni Jàbárù fi ṣe é. Ó tú iná kéékèèké méjì lára ọkọ̀ tó ti bàjẹ́, ó lu ihò sí bọ́ńpà, ó jó wáyà pọ̀ pẹ̀lú òjé, ó sì di gbogbo rẹ̀ kí omi má wọ̀ ọ́. Nígbà tí àkókò ìrun tó, ó kírun, ó padà sídìí ẹ̀. Oyèbísí bá a di wáyà mú bó ṣe ń nà án, ó ń gbàdúrà tirẹ̀ lábẹ́nú. Nígbà tó ṣáná, wọ́n jọ wò ó. Kọ́kọ́rọ́ yí: kò sí iná. Ẹ́ńjìnnì bú, iná pupa bátìrì tó wà níwájú awakọ̀ kú, lẹ́sẹ̀ kan náà ni iná méjì tàn lábẹ́ bọ́ńpà, bí ojú tó ń wò wọ́n ketekete.

"Àlàmùdù lílàhì," ni Jàbárù wí.

"Àmín," ni Díákónì dáhùn.

Kò tún bẹ ìyàwó rẹ̀ mọ́. Ó kàn sọ fún un pé, "Sátidé, aago mẹ́wàá. Tí o bá fẹ́."

Nígbà tí Sátidé pé, típà mẹ́ta ló ṣíwájú rẹ̀ lójú ọ̀nà. Eruku wọn dìde, ó sì dí gbogbo ọ̀nà pa. Oyèbísí rọra ń lọ. Kò rí igi, kò rí kòtò. Ó mọ̀ pé kọ́nà ti sún mọ́. Ó ń wí nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Olúwa, bí kò bá tiẹ̀ sí níbẹ̀, èmi ò ní tú u. Iná yìí á máa tàn títí màá fi dẹ́kun wíwa ọkọ̀."

Ohun kan fì nínú eruku. Ọwọ́ ni. Ọwọ́ òsì, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú aṣọ kúrò lára rẹ̀, tó tín-ín-rín, tó ń fì láti òkèèrè, kí ó tó rí ẹni tó ni ín.

Ó tẹ bíréèkì. Ẹfúnróyè jáde sí i, ó pupa láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ìgbà wo lo rí mi?" Oyèbísí béèrè.

"Kí n tó gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Mo rí iná méjì, mo ní, ọkọ mi ló ń bọ̀ yẹn."

Ẹfúnróyè ṣílẹ̀kùn, ó gbé fìlà kúrò lórí àga, ó dé e sí ọkọ rẹ̀ lórí, ó jókòó. Nígbà tí wọ́n kọjá kòtò náà, ó mí kanlẹ̀.

Níwájú díẹ̀, bàbá àgbàlagbà kan rí iná wọn, ó sọ ẹrù igi rẹ̀ kalẹ̀, ó ṣí fìlà, ó sì dorí kodò bí ẹni tó bá ìgbókùú pàdé. Oyèbísí ti ń sún sẹ́yìn nítorí ìtìjú. Ṣùgbọ́n Ẹfúnróyè yọrí jáde lójú fèrèsé, ó ju apá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná náà sókè.

"Bàbá, sànnu o! Ẹ dé fìlà yín padà! Aláàyè ni wá!"

Bóyá bàbá náà gbọ́ èdè rẹ̀, bóyá kò gbọ́, ẹ̀rín ni ó rí lójú rẹ̀. Ó dé fìlà, òun náà sì juwọ́. Ẹfúnróyè ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tó bẹ̀rẹ̀ orin, ohùn tirẹ̀ lókè. Oyèbísí gbà á nísàlẹ̀, ó sì kọjú ọkọ̀ sí Jábì.