Wọ́n Ní Omi Ọmú Ló Dì

"Omi ọmú ló dì!" Hàfísátù kò yé tẹnu mọ́ ọn láti Iléyá tí Fàúzíyàtù ọmọ rẹ̀ ti já ọmọ lẹ́nu ọmú. Kókó yọ lọ́mú ọ̀tún, àràárọ̀ ni ìyá ń fi omi gbígbóná àti òòyà fà á, bí wọ́n ti ń ṣe fún gbogbo abiyamọ ní Bànígbé. Ta ló fẹ́ bá ìyá jiyàn? Ọyẹ́ ti ń fẹ́ kí ọmú tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀, tí wọ́n fi gba òpìtáà, ilé ìwòsàn ńlá, lọ ní Àjàṣẹ́.

Dọ́kítà gé díẹ̀ lára kókó náà lọ yẹ̀ wò. Nígbà tí èsì dé, ó ní, "Jẹjẹrẹ ni, Màmá."

Ara Hàfísátù bù máṣọ. "Jẹjẹrẹ kẹ̀? Ọmọ ọgbọ̀n ọdún? Ṣebí àrùn àwọn arúgbó òyìnbó ni! Ẹ jọ̀ọ́, oògùn tí Màsẹ̀rù, òyìnbó obìnrin ìjọ Àgùdà Ìfọ̀nyìn tí jẹjẹrẹ ọmú ṣe, ń gbé mì ni kí ẹ fún un. Màsẹ̀rù ṣì ń gun kẹ̀kẹ́ kiri!"

"A mọ̀ ọ́n níbí; tirẹ̀ yàtọ̀. Omi ara tó ń sọ obìnrin di obìnrin ló ń bọ́ jẹjẹrẹ tirẹ̀, òun ni oògùn yẹn ń dènà. Èyí ò jẹ irú oúnjẹ yẹn. Ó máa ń mú àwa adúláwọ̀ ju òyìnbó lọ, ó ń mú wa léwe, ó sì ń sáré."

"Yéè! Àìsàn ń wo àwọ̀ ni?"

"Ó jọ pé ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìran, a ò tíì mọ̀ ọ́n tán. Ṣùgbọ́n Màsẹ̀rù fọwọ́ kan kókó tirẹ̀, kí ọ̀sẹ̀ tó parí ó ti dé iwájú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọmú nílùú wọn. Tiyín ńkọ́?"

Hàfísátù ń fi ìka ka oṣù láti Iléyá.

"Ṣé ó lè san?" Fàúzíyàtù ló béèrè.

"Ó lè san, bí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í fa oògùn sí yín lára lónìí. Lẹ́yìn náà, a ó gé ọmú náà."

Gé kẹ̀! Hàfísátù fò dìde. Wọn kì í gé ẹ̀yà ara ọmọ ọlọ́mọ láìjẹ́ pé ẹbí gbọ́. "Dìde, ká relé. Jẹ́láàní ọkọ rẹ gbọ́dọ̀ gbọ́, àwọn bàbá gbọ́dọ̀ jókòó. Tó bá di lẹ́yìn Jímọ̀ọ̀..."

"Màmá." Fàúzíyàtù kò kọ ọ̀rọ̀ sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu rí. "Ẹ̀yin ẹ lọ sọ fún wọn. Èmi ò kúrò níbí."

Ìyá wo ọmọ, ó wo ilẹ̀kùn. Háà! Ṣé òun tún fẹ́ mú un lọ dúró nílé bí ìgbà omi gbígbóná àti òòyà ni? Ó padà jókòó wọ̀ọ̀.

"Dọ́kítà, ẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá máa bínú, èmi ni kó bá wí."