Ta Ló Ni Kànga Òkè-Ọsàn?

Ẹni tó bá mọ Fàsásì nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́ kò lè gbà pé òun náà ló padà wá di olólùfẹ́ ìjọba. Kì í kúkú ṣe ẹ̀bi rẹ̀, ohun tí ojú rẹ̀ rí ni. Ọdún kẹtàlá rèé tó ti ń ṣiṣẹ́ ẹnjiníà ní Jẹ́dà, níbi tí wọ́n ti ń sọ omi òkun di omi mímu. Ojoojúmọ́ ló ń rí i tí omi náà ń dé ilé àwọn olówó ní Obhur, tó sì tún ń dé yàrá àwọn lébìrà ní Ṣarafíyà. Ta ló ṣe é? Ìjọba ni. Èwo wá ni kéèyàn tún máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́lẹ̀?

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún 1994, lẹ́yìn tí iṣẹ́ Hájì parí, nígbà tí Àlàájì Abdulrauf, olórí àwọn arìnrìn-àjò ìpínlẹ̀ wọn, tẹ́ ìwé kan síwájú rẹ̀ nílé tí wọ́n wọ̀ sí ní Jarwal, ní Mẹ́kà. Ìwé náà ní àwọn ará Òkè-Ọsàn, ìlú Fàsásì, ti fa kànga wọn àti ẹ̀rọ tó ń fa omi rẹ̀ lé ìjọba lọ́wọ́. Ìjọba yóò mọ odi yí i ká, yóò ti kọ́kọ́rọ́ sí i, yóò sì gbé ẹ̀rọ tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ wá. Àwọn àgbà ìlú ti ní àwọn ò ní buwọ́ lù ú àfi bí Fàsásì bá kọ́kọ́ buwọ́ lù ú, torí òun ló ya àwòrán kànga náà.

Àlàájì Abdulrauf ní, “Ẹnjiníà, ọ̀la la ń padà sílé. Mo fẹ́ mú un dání lọ.” Fàsásì ti mú kálámù.

Ìyá Fàsásì, Àlàájà Safiyya, tóun náà bá wọn wá Hájì, jókòó sórí ẹní, ó ń ṣa dàbínù tí yóò pín fún àwọn ará ilé. Fàsásì yíjú sí i.

“Màámi, ẹ ò sọ nǹkan kan.”

“Kí ni n ó sọ? Ṣebí ìwọ ni ẹnjiníà.”

Gbólóhùn yẹn dá kálámù dúró lọ́wọ́ Fàsásì. Ó rántí ọdún 1978, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé. Ìjọba ti kó àwọn páìpù ràgàjì wá sí Òkè-Ọsàn lọ́dún mẹ́rin ṣáájú, wọ́n ní omi ń bọ̀. Páìpù náà sùn sínú koríko títí ewúrẹ́ fi ń bímọ sínú rẹ̀. Bàbá Fàsásì ló ní ó tó gẹ́ẹ́, agbójúlógún tó fi ara rẹ̀ fóṣì ta ò tíì tó agbójúlé ìjọba. Ni ìlú bá bẹ ọ̀wẹ̀. Agboolé kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀. Àwọn ọkùnrin ń gbẹ́ ẹ, àwọn obìnrin ń fi àwo kó iyẹ̀pẹ̀ jáde, ohùn Safiyya ló sì ń lé orin fún wọn láàárọ̀ ọyẹ́. Lọ́jọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, bàbá fúnra rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ nígbà tí igbe sọ. Gbogbo ayé sáré dé ẹnu kànga, wọ́n rò pé ilẹ̀ ti ya lù ú. Omi ló rí! Ó dúró sínú rẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé, kò sì fẹ́ kí wọ́n fa òun jáde.

Ayé ìgbà náà mà dùn o! Kò sẹ́ni tó lówó lọ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó ń retí ẹnikẹ́ni. Bí wáṣà, ìyẹn awọ tó ń dí inú ẹ̀rọ tó ń fa omi, bá jẹ, bàtà awọ tó ti gbó ni àwọn obìnrin ń gé láti fi ṣe òmíràn. Fàsásì rò ó, àárò ìlú mú un.

Ibi tó ti ń rò ó ni ariwo ti ta nínú ilé. Omi ti dá. Ilé alájà mẹ́rin ni, kò sí ẹ̀rọ omi kan tó ń yọ. Àwọn èèyàn jáde tàwọn ti kẹ́túlù lọ́wọ́, ọ̀kan tilẹ̀ fi ọṣẹ sójú jáde. Àsìkò ìrun Àsàrí sì ti ń sún mọ́. Àlàájì Abdulrauf pàṣẹ pé kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan kan, òun ti ránṣẹ́ sí onílé. Ẹ̀ṣọ́ ilé, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dawud, ju ọwọ́ sókè, ó ní, “Bùkúrà, in ṣáà Allah.” Ọ̀la nìyẹn.

Fàsásì sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ẹ̀rọ tó ń fa omi sórí òrùlé. Kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi mọ ohun tó ṣe é. Atẹ́gùn ló wọ inú rẹ̀, bí wọ́n bá ti rọ omi sí i, yóò ṣiṣẹ́. Ó pa á, ó padà sókè, ó sì jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú àwọn yòókù. Wákàtí méjì gbáko ló fi jókòó níbẹ̀, tó ń ṣàlàyé fún wọn bí nǹkan ṣe ń lọ nílẹ̀ àwọn Lárúbáwá.

Nígbà tó yá, ìyá rẹ̀ wọlé láti òde. Fàsásì kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó jáde. Ó ru ike omi tó bẹ̀ nílé kejì, àwọn obìnrin méjì tẹ̀ lé e, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Àkànní,” ó fi oríkì pe Fàsásì, “kí ló ṣe ẹ̀rọ náà?”

“Atẹ́gùn ló wọ̀ ọ́, Màámi.”

“O ò mọ̀ ọ́n ṣe ni?”

“Mo mọ̀ ọ́n ṣe.”

“Kí lo wá jókòó ṣe?”

“Wọn ò tíì fún mi láṣẹ.”

Ìyá rẹ̀ kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó kàn ń wò ó bí ẹni tó ń wá ojú ẹnì kan láàárín èrò. Ojú ti Fàsásì. Ó dìde, ó sọ ike omi náà kalẹ̀ lórí rẹ̀, ó gbé e lọ sísàlẹ̀, ó rọ ìdajì rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, ó sì tan iná sí i. Láìpẹ́, omi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lókè. Gbogbo ilé ké Àlùhámúdù lílàáì, ti Àlàájì Abdulrauf ló sì ròkè jù.

Fàsásì dá ìwé rẹ̀ padà fún un. “Ẹ má bínú, Àlàájì. Mi ò ní buwọ́ lù ú.”

“Bó bá bàjẹ́ lọ́la, ẹ má ké sí ìjọba o!”

“A ti ké sí i rí, Àlàájì. Ewúrẹ́ ló dá wa lóhùn.”

Ó yíjú sí ìyá rẹ̀, ó ń retí ìwúre. Àlàájà Safiyya kàn ń nu ọwọ́ rẹ̀ sí ìró.

“O ṣeun,” ni ó wí. “Ṣùgbọ́n ṣé o mọ ohun tí o sọ yẹn? Ọdọọdún la ń gbọ́n kànga yẹn gbẹ, tí a ń fọ̀ ọ́. Wọn a máa pe orúkọ lágboolé-lágboolé. Bàbá rẹ ti fi lélẹ̀ kó tó kú pé a kì í gba owó dípò ọwọ́. Wọ́n ń pe orúkọ tìrẹ náà.”

“Orúkọ mi? Láti ọdún mẹ́tàlá tí mi ò ti sí nílé?”

“Wọ́n ń pè é. Èmi ni mò ń jẹ́ ẹ.”

Fàsásì wo obìnrin ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin náà, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tí okùn kànga ti mú le. Omi lé sí i lójú.

“Ọjọ́ wo ló ń bọ́ sí, Màámi?”

“Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kejì.”

“Lọ́dún tó ń bọ̀, bí wọ́n bá pè é, kẹ́ ẹ dákẹ́. Èmi ni n ó jẹ́ ẹ.”

Ìyá rẹ̀ mọ̀ pé láìsí ìwé ìjáde láti ibi iṣẹ́, kò sí àlejò tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tó lè fi ilẹ̀ Sáúdì sílẹ̀. Ó bi í pé, “Bí wọn ò bá wá fún ọ láàyè ńkọ́?”

Fàsásì rántí ilé tó ń gbé ní Jẹ́dà, ó rántí ọkọ̀ rẹ̀ àti ọdún méjì tó kù nínú àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀.

“N ó fiṣẹ́ wọn sílẹ̀ fún wọn, Màámi. N ó wálé.”