Èdìdì Tí Nono Já

Lábẹ́ igi páìnì kan ní ìlú Guaporé ni Nono, bàbá bàbá mi, ti dá ẹgbẹ́ eré ìje ọkọ̀ wa sílẹ̀. Fọ́ọ̀dù ògbólógbòó kan péré ló ní, etí rẹ̀ ló sì fi ń mọ àìsàn ẹ́ńjìnnì. Etí yẹn ló gba ife ẹ̀yẹ mọ́kànlá fún wa.

Ayé wá yí. Àwọn alákòóso eré ní Bùràsíìlì bẹ̀rẹ̀ sí í fún gbogbo ẹgbẹ́ ní ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti fi òjé dì pa. Ẹgbẹ́ tó bá já èdìdì náà, ó jáde nínú eré nìyẹn.

"Ìyàwó tí wọ́n ní n kò gbọdọ̀ ṣí ìbòjú rẹ̀," Nono á wí, a ó sì rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún yẹn, eré kan ṣoṣo ló kù. Bí a bá kùnà níbẹ̀, ẹgbẹ́ ọgọ́ta ọdún parí.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Nono gbé igbá tó fi ń mu tíì máte kalẹ̀, ó kọjú sí bàbá mi. "Valmor, ẹ́ńjìnnì yìí ń súfèé. Ó máa fọ́ mọ́ Jandir lábẹ́."

Jandir tó ń wa ọkọ̀ wa rẹ́rìn-ín. "Nono, àbí obìnrin kan ló ń súfèé pè yín?"

Bàbá mi ní, "Kọ̀ǹpútà ti yẹ̀ ẹ́ wò, Bàbá. Nǹkan kan kò ṣe é."

"Ṣé kọ̀ǹpútà ló bí ẹ ni?"

"Ẹ̀yin lẹ bí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

Èmi mọ ohun tí wọn kò mọ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí Nono ti ń rán mi sí ilé ìdáná: "Ivânia, kẹ́tùlù ń súfèé, lọ gbé e." Màá débẹ̀, kẹ́tùlù á tutù bí omi odò. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni yóò sọ fún irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ pé etí rẹ̀ ti ń purọ́ fún un?

Nígbà tí àwọn yòókù lọ sí ìpàdé àwọn awakọ̀, Nono mú ẹ̀mú. Mo dúró tì í. Ó fi já èdìdì náà. Òjé náà bọ́ sílẹ̀ bí eyín ọmọdé.

Ó tú gbogbo ẹ́ńjìnnì náà wò. Kò rí nǹkan kan.

"Ó wà níbí. Mo gbọ́ ọ."

Alákòóso tó wá bá wa ṣí fìlà rẹ̀ kó tó kọ orúkọ wa kúrò nínú ìwé. Bàbá mi kò jágbe. Ó mú àkísà, ó ń nu ọ̀rá kúrò ní ìka Nono, lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ivânia," Nono ní, "ìwọ náà gbọ́ ọ, àbí?"

Bàbá mi wò mí.

"Mo gbọ́ ọ, Nono."

Ó mi orí sókè sísàlẹ̀. "Mo mọ̀. Valmor ló ti dití."

Bàbá mi tún àkísà náà ká. Àtàǹpàkò ló kù tó ń nù.